Ẹ̀gbọ́n Mi, Ẹ Má Ra Wáyà Yẹn

Òpópónà Dẹ́múrìn,
Kétu, Èkó.
Ọjọ́ 10, oṣù Bélú, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé òtútù ti bẹ̀rẹ̀ sí í já yín jẹ ní Peckham báyìí. Níbí, òjò ti ń palẹ̀ mọ́, eruku sì ti gba ọ̀nà Ìkòsí. Láti ìdájí ni ọkọ̀ tòmátì tó ń lọ sí Mile 12 ti ń dí ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bá a yí. Bàbá ń kí yín gidigidi. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé orúnkún wọn ti fúyẹ́, pé àwọn ti ń rìn dé mọ́ṣáláṣí láì di ẹnikẹ́ni mú. Oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ ló ṣe é. Ọlọ́run á jẹ́ kí tiyín náà dára.

Ọ̀rọ̀ wáyà tí ẹ sọ lórí fóònù ní Ọjọ́bọ̀ ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí. Nẹ́tíwọ̀kì já lẹ́ẹ̀mẹta, n kò sì fẹ́ fi ààbọ̀ ọ̀rọ̀ dá yín lóhùn. Ẹ ní ọkùnrin tó ń ta ẹ̀rọ orin ládùúgbò yín fi wáyà kan hàn yín, mítà kan péré, 180 pọ́n-ùn. Ẹ ní wáyà díjítà ni, pé tí a bá fi so ẹ̀rọ sídì Bàbá mọ́ àpótí kékeré tó ń sọ nọ́ńbà di ohùn, béèsì yóò wọlẹ̀ ṣinṣin, ohùn akọrin yóò sì là bí ẹni pé ó jókòó sí pálọ̀. Ẹ ní ó kù díẹ̀ kí ẹ sanwó. Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má san án.

N kò fẹ́ dí yín lọ́wọ́ oore. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ẹ ti kúrò nílé, ẹ sì fẹ́ kí Bàbá máa gbọ́ apàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá wọn bó ṣe yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn: owó tí ẹ fi ìfẹ́ kó jọ fẹ́ bọ́ síbi tí etí Bàbá kò ti ní bá a pàdé. Ẹ sì mọ̀ pé àtúnṣe ẹ̀rọ orin ni mo fi ń jẹun. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń tú amúpilifáyà palẹ̀ ní Kétu níbí. Kò sí irú wáyà tí wọn kò tíì gbé wá sórí tábìlì mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń gba inú wáyà náà kọjá. Ṣé ẹ rántí ọpọ́n Ifá tí Bàbá àgbà máa ń gbé kalẹ̀ lẹ́yìnkùlé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí a máa ń yọjú wò láti ẹnu ilẹ̀kùn, tí Ìyá àgbà á sì máa lé wa? Orí ìyẹ̀ròsùn ni wọ́n máa ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ sí. Ìlà kan, tàbí ìlà méjì. Kò sí ìlà kan ààbọ̀. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹjọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, odù á sì yọjú. Nínú ìlà kan àti ìlà méjì yìí nìkan ni gbogbo odù 256 ti jáde. Ẹ rántí pé ọpọ́n Bàbá àgbà ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wáyà ni wọ́n fi dè é. Síbẹ̀, tí Ogbè Méjì bá yọ lórí rẹ̀, Ogbè Méjì náà ni. Kò sí babaláwo tó máa sọ pé Ogbè tí òun tẹ̀ sórí ọpọ́n tuntun jinlẹ̀ ju èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí ọpọ́n tó là lọ. Kí ojú ṣáà ti rí ìlà náà kedere, kó mọ̀ bóyá ọ̀kan ni tàbí méjì.

Bí orin ṣe wà lórí sídì nìyẹn. Nígbà tí Sony àti Philips gbé sídì jáde sọ́jà ní 1982, ọdún kan náà tí Sunny Adé gbé àwo Juju Music jáde lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ Island, òfin tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé kí a máa wọn ohùn ní ìgbà 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí a sì fi ìlà 16 kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ fi ti Bàbá àgbà ṣe ìṣirò rẹ̀: ìlà mẹ́jọ fún wa ní 256, ìlà 16 á fún wa ní 65,536. Tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìlà 1,411,200 ló ń jáde látinú sídì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan tàbí èkejì. Wáyà tó wà láàárín ẹ̀rọ sídì àti àpótí kékeré yẹn kò gbé ìlù, kò gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kò gbé ohùn ẹnikẹ́ni. Ìlà ló ń gbé. Inú àpótí lọ́hùn-ún ni ìlà ti ń padà di ohùn.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ pé wáyà kan ń mú béèsì wọlẹ̀ kò fi lè jẹ́ òótọ́. Wáyà náà kò mọ èwo ni béèsì. Nọ́ńbà tó ru ìlù ló ru akọrin, a ti pò wọ́n pọ̀ bí omi àti gàrí nínú ẹ̀bà; kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè bu omi nìkan kúrò níbẹ̀. Tí wáyà bá wá bàjẹ́ débi pé ẹni tó ń gba ìlà ṣì í kà, kì í ṣe béèsì ló máa dín kù. Ẹ máa gbọ́ “tá!” bí ìgbà tí iyọ̀ bọ́ sínú iná, tàbí kí orin ṣàdédé dákẹ́, kó tún padà dé. Àléébù wáyà díjítà kì í fi ara pamọ́. Kì í rọra bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀ tí ẹni tó ń gbọ́ á fi máa rò ó pé bóyá, bóyá.

Oṣù Agẹmọ tó kọjá, obìnrin kan gbé ẹ̀rọ wá láti Alápẹ́rẹ̀, ó ní ẹ̀rọ sídì òun ti fẹ́ kú, pé orin máa ń sáré dáadáa, á kàn dákẹ́ lójijì. Mo ní kó lọ gbé gbogbo wáyà rẹ̀ wá. Èkúté ti jẹ wáyà díjítà náà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Róbà ara rẹ̀ ti lọ, àwọ̀n kọ́pà tó yí i ká ti já tán, ó ku fọ́nrán méjì tí kò nípọn ju irun orí lọ. Mo fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo gbé orin sí i. Ẹ̀gbọ́n mi, orin náà dún! Ó dún fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó tá, kó tó dákẹ́. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí wáyà tuntun, mo tún gbé orin kan náà sí i, mo fi etí sí ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn. Kò sí ohun tó fi kún un. Ìlù tí mo gbọ́ látinú wáyà tí èkúté jẹ náà ni mo gbọ́. Ohun tí wáyà tuntun ṣe ni pé orin kò dákẹ́ mọ́.

Ẹ lè sọ pé etí oníṣẹ́ ti pọ́n jù, pé ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni mo ń gbọ́. Èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi dán an wò pẹ̀lú Bàbá lálẹ́ àná. Mo ní oníbàárà kan ní Ògùdù tó ra irú wáyà olówó ńlá bẹ́ẹ̀ láti òkè òkun. Ó yá mi ní wáyà náà fún alẹ́ kan. Ó nípọn bí ìka àtàńpàkò, aṣọ híhun ni wọ́n fi bò ó, orí rẹ̀ ń dán bíi góòlù. Tèmi, wáyà ₦3,000 tí mo rà ní ọjà Àlàbá, pupa lórí, dúdú lára. A dúró di aago mọ́kànlá, nígbà tí àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ tó ń pe Ọjọ́tà àti Ìkòròdú ti lọ sùn, tí onílé kejì sì ti pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀.

Kí n tó ta aṣọ bo ohunkóhun, mo fi wáyà méjèèjì han Bàbá. Wọ́n gbé ti Ògùdù lọ́wọ́, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n ní, “Èyí le o. Èyí máa gbé ohùn.” Mo so ó mọ́ ọn, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n mi orí, wọ́n ní ó dùn ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Mo fi tèmi sí i lójú wọn, wọ́n ní ó ti fẹ́lẹ́ díẹ̀. N kò jiyàn. Mo ta aṣọ bo iwájú ẹ̀rọ.

Ọmọ iṣẹ́ mi dúró lẹ́yìn aṣọ náà, ó ń ju ìdérí ìgò. Tó bá dojú délẹ̀, á fi ti Ògùdù sí i. Tó bá ṣí sókè, á fi tèmi sí i, á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bó bá jẹ́ wáyà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló tún bọ́ sí, mo ní kó ṣì yọ ọ́, kó tún kì í bọ ibẹ̀, kí Bàbá má bàa fi ìró ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Èmi pẹ̀lú kò mọ èyí tó wà níbẹ̀. Ìdí àga Bàbá ni mo jókòó sí, mo sì kọ tèmi sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ogún ìgbà la ṣe é. Nígbà tí a ṣí ìwé, Bàbá gba 11 nínú 20. Èmi gba 9. Ìdérí ìgò nìkan, tí kò ní etí, á gba nǹkan bíi mẹ́wàá.

Ẹ sì mọ etí Bàbá. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ọ́ pé tí wọ́n bá lu gángan ní ìparí ọ̀nà, Bàbá á ti mọ ẹni tí wọ́n ń kì kí àwa tó mọ̀ pé ìlù ń dún. Etí yẹn kò tíì lọ síbì kan. Ẹ gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí a parí, tí wọ́n lọ ṣe àlùwàlá, mo fa sípíkà apá òsì kúrò ní igun ògiri, mo fún un ní bí ẹsẹ̀ bàtà méjì, mo sì yí ojú rẹ̀ sí àga wọn díẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Aṣọ ṣì wà lójú ẹ̀rọ. Bàbá padà dé, wọ́n jókòó, orin náà kò tíì dé ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi yíjú sí mi: “Kí lo ṣe sí i? Agídìgbo ti kúrò nínú àgbá.” Òótọ́ ni. Igun ògiri ló ń mú kí ohùn ìsàlẹ̀ máa wú, tó sì ń bo agídìgbo mọ́lẹ̀. Wáyà 180 pọ́n-ùn kò lè rí i ṣe, ìdí rẹ̀ ni pé kò sí níbi tí ọ̀ràn náà wà. Ọ̀fẹ́ ni ohun tí mo ṣe.

Kì í ṣe Kétu nìkan ni nǹkan ti ń rí báyìí. Ní 2007, James Randi, onídán tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tú àṣírí ẹ̀tàn ní Amẹ́ríkà, fi mílíọ̀nù dọ́là kan lélẹ̀ fún ẹni tó bá lè pa ojú dé kó fi etí mọ ìyàtọ̀ láàárín wáyà sípíkà Pear Anjou, tí owó rẹ̀ tó 7,250 dọ́là, àti wáyà gidi tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Kò sẹ́ni tó gba owó náà. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn olùwádìí méjì, Meyer àti Moran, ní Boston mú orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ìwọ̀n tó ga ju ti sídì lọ, wọ́n ń sọ ọ́ di ìwọ̀n sídì nígbà mìíràn láì jẹ́ kí àwọn olùgbọ́ mọ̀. Nínú ìgbà 554, 276 ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Ìdajì, tàbí kó dín díẹ̀. Àwọn ẹlẹ́tí tó ń jẹun nídìí orin sì wà lára wọn. Bí gbígé ìlà kúrò pátápátá kò bá hàn sí wọn létí, kí ni wáyà tó gbé gbogbo ìlà débẹ̀ láìku ọ̀kan fẹ́ fi kún un?

Ọkùnrin tó fẹ́ ta wáyà náà fún yín lè wá sọ̀rọ̀ àkókò. Yóò ní lóòótọ́ ìlà ò yí padà, ṣùgbọ́n kì í dé lásìkò kan náà, òmíràn á yá díẹ̀, òmíràn á pẹ́. N kò ní bá a jiyàn lórí èyí, nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ rò ó bí ẹgbẹ́ apàlà: tí ẹni tó ń lu agogo kò bá dúró sójú kan, gbogbo ijó á dàrú. Ẹ̀rọ ìgbà àkọ́kọ́ ń gba agogo rẹ̀ látinú wáyà, nítorí náà ohun tó bá da wáyà láàmú lè da agogo láàmú díẹ̀. Àpótí tí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá kì í ṣe irú yẹn. Ó ń kó àwọn ìlà jọ sínú ara rẹ̀ ná, ó sì ń fi agogo tirẹ̀ tú wọn jáde. Bí wọ́n ṣe wọlé kò kàn án mọ́.

Ibì kan wà tí irú wáyà ti ń ṣiṣẹ́ gidi, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Nígbà tí a so dikódà tẹlifíṣọ̀n mọ́ amúpilifáyà Bàbá, ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú sípíkà: “hùùùn,” bí oyin tó wà nínú ìkòkò. Tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ó tún ń le sí i. Wáyà onírin tó so dikódà mọ́ ẹ̀rọ ni iná tó ń ṣáko ń gbà wọlé, láti orí páànù òrùlé tí díìṣì wà, gba inú dikódà, dé inú amúpilifáyà. Mo yọ wáyà onírin yẹn, mo fi èyí tí wọ́n ń pè ní optical rọ́pò rẹ̀. Toshiba ló gbé irú rẹ̀ jáde ní 1983. Kò sí irin nínú rẹ̀ rárá, ìmọ́lẹ̀ pupa ló ń gbé, ọ̀rá líle tó mọ́ gaara sì ni inú rẹ̀. Iná tó ń ṣáko kò lè gun ìmọ́lẹ̀. Hùùùn náà kú lójú ẹsẹ̀. Bàbá ní, “Ṣé o ti pa á ni?” wọ́n rò pé mo pa ẹ̀rọ.

Wáyà optical yẹn, ₦2,500 ni mo rà á. Tí mo bá ra optical ti 180 pọ́n-ùn, hùùùn náà á kú ní ọ̀nà kan náà. Ohun tó ń fẹ́ ìtọ́jú ni pé kí a má ká a bí okùn, torí ìmọ́lẹ̀ kì í yà ní kọ́nà tó há. Kí ó má sì gùn jù, mítà márùn-ún ti tó nínú ilé ẹnikẹ́ni. Ohun kan tún wà tó ti mú kí àwọn ènìyàn gbé ẹ̀rọ tó yè wá fún mi láti Ọjọ́tà títí dé Ìkòròdú: ìdérí kékeré kan máa ń wà lórí ẹnu rẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, ó funfun gaara bí omi, kò tó èékánná ọmọdé. Wọn kì í rí i. Wọ́n á kì í bọ ẹ̀rọ tòun ti ìdérí, ohùn kò ní jáde, wọ́n á ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Mo máa ń fi èékánná ṣí i níṣojú wọn, màá yí ẹnu wáyà sí wọn kí wọ́n rí ìmọ́lẹ̀ pupa tó ń tàn níbẹ̀. N kì í gba owó iṣẹ́ yẹn.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ibi tí béèsì Bàbá lọ, nítorí òótọ́ ni pé béèsì náà ti dín kù. Ohun tí Bàbá sọ fún yín lórí fóònù kì í ṣe irọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣí aṣọ iwájú sípíkà méjèèjì. Ẹ mọ̀ pé tòkunbọ̀ ni wọ́n, wọ́n sì ti pẹ́. Fóòmù rírọ̀ tó yí etí wúfà ká, tó ń jẹ́ kí páálí àárín máa jáde kó máa wọlé, mo fi ìka kàn án, ó sì wó sílẹ̀ bí èérún àkàrà. Oòru àti ọ̀rinrin Èkó ló jẹ ẹ́. Lápá ọ̀tún, ó ti já yí ká dé ìdajì. Wúfà tí etí rẹ̀ já kò lè ti afẹ́fẹ́ mọ́, afẹ́fẹ́ kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni. Ẹ lè so ó mọ́ wáyà góòlù láti ilé títí dé London, béèsì kò ní jáde níbẹ̀.

Wáyà tó so amúpilifáyà mọ́ sípíkà náà kò dára, èyí sì yàtọ̀ sí wáyà díjítà pátápátá. Ohùn fúnra rẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ kọjá, pẹ̀lú agbára. Ohun tí wáyà bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbà á lọ nìyẹn. Mo fi abẹ́ fá ara rẹ̀. Òde rẹ̀ pọ́n bíi kọ́pà, inú rẹ̀ funfun. Álúmíníọ́mù ni wọ́n fi kọ́pà bò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọjà kún fún un. Níbi tí kọ́pà bá ti gbé iná 100, álúmíníọ́mù kò gbé ju bíi 61 lọ. Láti ibi ẹ̀rọ dé sípíkà ẹnu ọ̀nà jẹ́ mítà mẹ́wàá, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ogún. Wáyà tín-ínrín yẹn, ìdíwọ́ tó wà nínú rẹ̀ lé ní ohm kan, sípíkà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ohm mẹ́jọ. Tí mo bá fi kọ́pà gidi sí i, irú 1.5 tí àwọn oníná fi ń fa iná ilé, ìdíwọ́ náà kò ní ju ìdámẹ́rin ohm lọ. Wáyà kọ́pà tí a ń ṣe ní Nàìjíríà níbí dára, kò sí ìdí tí ẹ fi máa ra ti ọ̀hún ránṣẹ́.

Ohun kan kù, kí ẹ má bàa retí ohun tí kò sí. Púpọ̀ nínú sídì apàlà Bàbá, ara àwo àtijọ́ ni wọ́n ti dà á kọ. Ìró abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, eruku wà níbẹ̀, ibi tí àwo ti họ wà níbẹ̀. Wáyà tó bá gbé ìlà dáadáa, á gbé gbogbo ìyẹn dé láìku ọ̀kan. Hárúnà Ìṣọ̀lá kú ní 1983. Ohun tí ẹ̀rọ ìgbà wọn bá gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn náà la ní. Bàbá kò bínú sí ìró abẹ́rẹ́ yẹn. Wọ́n ní bí àwọn ṣe ń gbọ́ ọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà tí àwọn jẹ́ ọ̀dọ́ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Ẹ má padà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn. Nínú 180 pọ́n-ùn náà, tí ẹ bá lè fi 40 ránṣẹ́, màá ra fóòmù etí fún wúfà méjèèjì, màá ra gọ́ọ̀mù rẹ̀, màá sì ra mítà 25 wáyà kọ́pà. Iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ tèmi, n kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Bàbá mi. Ọ̀sẹ̀ kan ló máa gbà mí, torí gọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kí n tó gbé orin sí i. Kí ẹ fi 140 tó kù kún owó tíkẹ́ẹ̀tì. Bàbá ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí bóyá ẹ̀ ń bọ̀ lọ́dún. Mo ní màá bi yín.

Ẹ bá mi kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Ẹ sọ fún àbíkẹ́yìn pé mo ti rí rédíò kékeré tó ní kí n tọ́jú fún òun, ó ti ń sọ̀rọ̀.

Ẹ pè mí kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, torí ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo fẹ́ lọ sí Àlàbá.

Èmi ni àbúrò yín,
Àkàndé.